Ọmọ Obòkun lọ sójú òkun: ohun tí ojú wa rí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí a kò mọ̀ rí

Ìtàn kan wà tí kò sí ọmọ Iléṣà tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, Ajíbógun ló rìn títí dé etí òkun, ló bu omi rẹ̀ wá tí ojú bàbá fi là. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Ọwá wa ní Obòkun, tí gbogbo wa sì ń jẹ́ ọmọ Obòkun. Ṣùgbọ́n ọmọ Obòkun tí mo jẹ́ yìí, tí mo ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú kan òkun láyé mi, ní Bàdágírì, nígbà tí wọ́n kó wa lọ síbẹ̀ láti ilé-ìwé. Yèyé mi tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 71 kò tilẹ̀ rí i rí rárá.

Àjọ ọdún mẹ́ta tí mo dá, pẹ̀lú owó tí àbúrò ọkọ mi fi ránṣẹ́ láti Ireland nítorí yèyé, la fi lọ ìrìnàjò ìgbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. A jẹ́ márùn-ún: èmi, ọkọ mi, yèyé, Tọ́lá ọmọ ọdún 13 àti Dáre ọmọ ọdún 8. Ọkọ̀ gbéra ní Barcelona ní Sípéènì, ó ya Marseille, Genoa, Civitavecchia, Palermo àti Palma, ó sì dá wa padà sí Barcelona lẹ́yìn òru méje. Kò sí ojúlùmọ̀ wa kankan tó ti bá ilé-iṣẹ́ náà rìn rí. N kò ní dárúkọ wọn níbí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ ibi tí owó ti ń jò àti ibi tí adùn wà.

Owó ló fà wá mọ́ra. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìwé kò tó ìdajì ti àwọn yòókù tí a wò, àsansílẹ̀ rẹ̀ kéré, ìyókù sì di ìgbà tó bá ku ọjọ́ 60. Ó yẹ kí n ti fura. Òṣómàáló ni bàbá mi. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á tà á láwìn, tó bá sì di ọjọ́ ìsanwó wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: "Òṣó ni mo máa ló kí n tó gbowó mi!" Inú ọjà àwìn ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fi owó kékeré pè yín, ó ti mọ ibi tí yóò ti gba èyí tó kù. Síbẹ̀, wọ́n mú mi.

Ojú ewé tí ẹ ti fẹ́ sanwó gan-an ni owó èbúté ti yọjú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí owó àwọn òṣìṣẹ́, Yúrò 12 lórí àgbà kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́, ìdajì lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: Yúrò 54 lálẹ́ kan, 378 fún òru méje. N kò bínú sí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ ju owó náà lọ. Ẹni tó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré bí eèrà ni mo ń bá wí. Omi ẹ̀rọ níbi bọ́fẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n omi inú ìgò tí wọ́n gbé ka tábìlì lálẹ́, owó ni. Wi-Fi, owó ni. A kò ra Wi-Fi. Ó dun Tọ́lá ju ẹnikẹ́ni lọ.

Físà ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ yàn ya Tunis, ó sì dínwó sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìrìnàjò ní Ìbàdàn, òun ló bi wá pé, "Ṣé físà tí ẹ fẹ́ gbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lẹ lè fi wọlé ni àbí ọ̀pọ̀ ìgbà?" Bí ọkọ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan ṣoṣo, tó ya Tunis ní Áfíríkà, tó tún padà wọ Yúróòpù, ìwọlé kejì nìyẹn, físà ẹlẹ́ẹ̀kan ti kú síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò sọ èyí fún wa. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ ni pé kí arìnrìnàjò rí sí ìwé ara rẹ̀. Ó lè tó fún ará Jámánì tí yóò kàn fi káàdì ìdánimọ̀ sápò. Kò tó fún ará Iléṣà.

A yí ọ̀nà padà. Sípéènì la ti tọrọ físà nítorí pé ibẹ̀ la ti máa pẹ́ jù. A fi òru méjì kún un ní Barcelona kí a tó wọkọ̀. Láti ọdún 2024, Yúrò 90 ni owó físà Schengen, ẹni ọdún 12 sì ti di àgbà lójú wọn. 45 ni ti Dáre. Àpapọ̀ jẹ́ 405, kí a tó ka ti ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé, bí wọ́n bá sì kọ̀ yín, owó ti lọ nìyẹn. Ìnṣọ́ránsì tó lè gbé ìtọ́jú àìsàn tó Yúrò 30,000 tún wà níbẹ̀. Wọ́n gba ìtẹ̀ka gbogbo wa àfi Dáre tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó. Yèyé jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí a ń ti Èkó bọ̀, wọ́n ń wo ìka wọn: "Òyìnbó ti gba èyí lọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Ẹ lè gbé ìwé físà sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àsansílẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí físà wa jáde, ọkàn mi sì balẹ̀ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ̀ wá, díẹ̀ ló máa ṣègbé.

Yàrá tó dínwó jù ni mo rà, irú èyí tí wọ́n fúnra wọn á yàn fún yín. Èmi rò pé wọn ò ní ya ìdílé nípa. Nígbà tí ìwé jáde, èmi, ọkọ mi àti Dáre wà ní àjà 11, yèyé àti Tọ́lá sì wà ní àjà 5, lẹ́yìn pátápátá níbi tí ẹ̀rọ ti ń kùn. Í-meèlì mẹ́rin ni mo kọ sí ọ́fíìsì wọn. Èsì kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin, wọ́n dúpẹ́ pé mo yàn wọ́n. Yàrá méjèèjì kò ní fèrèsé. Yèyé wo ògiri yí ká, wọ́n ní, "Bí ilẹ̀ bá mọ́, ta ni yóò sọ fún mi?" Tọ́lá wá tan tẹlifíṣọ̀n sí ibi tí wọ́n ti ń fi iwájú ọkọ̀ hàn tọ̀sán-tòru, ìyẹn sì di fèrèsé wọn.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ilé-iṣẹ́ méjì ló wà nínú ẹyọ kan. Ọmọbìnrin ará Philippines kan ló wà ní káúńtà lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Mo ṣàlàyé fún un, ó wo yèyé, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti kó yèyé àti Tọ́lá wá sí àjà wa, ilẹ̀kùn mẹ́ta sí tiwa, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Ohun tí ọ́fíìsì fi oṣù méjì gbé pamọ́, ọmọ yìí ṣe é láàárín ọjọ́ kan.

Ìdánrawò kan wà tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra, tí wọ́n á fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, àti ibi tí ẹ máa sá sí. Àwọn kan ń kùn pé ó ń gba àkókò. Ọkọ mi, tó ti kàwé ju bó ṣe yẹ lọ kí a tó kúrò nílé, ló rán wọn létí ọkọ̀ ojú omi Costa Concordia tó forí sọ àpáta létí erékùṣù Giglio ní oṣù kìíní ọdún 2012, tí ènìyàn 32 kú. Àwọn kan nínú èrò yẹn kò tíì ṣe ìdánrawò kankan nígbà náà. Gbogbo ẹnu pa.

Ní ti oúnjẹ, ó pọ̀, ó mọ́, kò láta. Mo ti yọ ẹran gbígbẹ kúrò nínú ẹrù yèyé nílé, nítorí Yúróòpù kì í jẹ́ kí arìnrìnàjò mú ẹran tàbí wàrà wọlé láti ọ̀dọ̀ wa, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ kí ìjà náà di ti ẹbí. Gààrí Ìjẹ̀ṣà ni mo fi rọ́pò rẹ̀, mo sì di kẹ́tùlù iná mọ́ ọn. Bí ẹ̀rọ ayẹ̀rùwò ṣe rí kẹ́tùlù, wọ́n yọ ọ́, wọ́n so ìwé mọ́ ọn, wọ́n ní ó di ọjọ́ tí a bá ń lọ. Wọn kì í gba ohun tó ń gbóná láàyè nínú yàrá, áyọ́ọ̀nù náà wà níbẹ̀. Ẹ̀bà ti kú nìyẹn. Àmọ́ yèyé rí áìsì ọ̀fẹ́ níbi bọ́fẹ́, wọ́n sì ń mu gààrí tútù lọ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún ìwẹ̀, àwọn òyìnbó ń wò wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wéítà wa tó jẹ́ ará Indonesia rí bí a ṣe ń tẹ́ oúnjẹ wò, ó lọ síbi oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó bu ata kan tí wọ́n ń pè ní sambal wá. Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, àwo ata ti máa ń ṣáájú wa dé tábìlì.

Civitavecchia ni èbúté Róòmù, ṣùgbọ́n Róòmù kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó tó wákàtí kan ló wà láàárín wọn. Ìrìn tí ọkọ̀ ń tà fún èrò wọ́n jù fún ènìyàn márùn-ún, la bá wọ ọkọ̀ ojú irin fúnra wa, a sọ̀ ní ìdíkọ̀ San Pietro, a sì rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Ewu rẹ̀ ni pé bí ẹ bá lọ fúnra yín tí ẹ sì pẹ́, ọkọ̀ ò ní dúró dè yín. Aago 2 ọ̀sán ni mo ti ń lé gbogbo ilé padà bí adìyẹ. Yèyé, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé, gbójú sókè wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà pẹ́. Wọ́n ní ó fi díẹ̀ ju ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì Ọ̀tàpétè ní Iléṣà lọ.

Láàárín Palermo sí Palma, a lo odidi ọjọ́ kan láìrí ilẹ̀, òkun sì mì. Dáre bì lẹ́ẹ̀mejì. Ápù tútù àti bísíkíìtì gbígbẹ ni wọ́n fún un ní káúńtà, ó sì mú un. Èmi sùn.

Ní Palma ni yèyé ní kí Dáre bu omi òkun sínú ìgò kékeré kan. Nínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù la dì í sí. Bí a ṣe délé, mo bá ìgò náà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀: ojú ọ̀tún wọn ń ṣe báìbáì, bí Ajíbógun ṣe ṣe é làwọn náà fẹ́ ṣe é. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, yèyé, ilé ìwòsàn Wesley Guild la máa lọ. Wọ́n bá mi bínú di ọjọ́ kejì.

Bí ẹ bá bi mí bóyá màá tún wọ ọkọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n màá yan yàrá mi fúnra mi bó tilẹ̀ wọ́n, màá san owó òṣìṣẹ́ látilé, n kò sì ní fi káàdì báǹkì mi lé wọn lọ́wọ́ bí mo ṣe ṣe yẹn. Owó kì í kọjá láti ọwọ́ sọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Káàdì kan náà lẹ fi ń ṣílẹ̀kùn tí ẹ fi ń rajà, ó so mọ́ káàdì báǹkì yín, wọ́n á sì kọ́kọ́ de owó kan mọ́lẹ̀ nínú àkáǹtì yín. Káàdì dọ́m mi, ti àkáǹtì owó ilẹ̀ òkèèrè, ni mo fún wọn, wọ́n de Yúrò 250. Mo rò pé nínú rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ tiwọn. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yọ 463 lọ́tọ̀, 250 sì wà níbi tí wọ́n dè é sí. Ọmọ òṣómàáló ni wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìlóṣòó.

Báǹkì ní ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kí n lọ. Ọlọ́kọ̀ ní ọ̀dọ̀ báǹkì ni. Mo gbé àga mi sí iwájú ìsọ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí n tó tú aṣọ sílẹ̀, màá pe báǹkì, màá pe ọlọ́kọ̀, màá sọ nọ́ńbà ìwé mi, màá dúró títí orin inú fóònù wọn á fi tán, màá tún pè. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin tó ń gbé fóònù lọ́dọ̀ wọn ti mọ ohùn mi, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe Iléṣà. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, 250 padà wọlé. Ìgbà yẹn ni mo tó dìde nílẹ̀.