Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní AC yín "ń mu gáàsì"

Mo kọ ìkìlọ̀ yìí sí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé tàbí tó ń tún ilé ṣe ní Ìbàdàn, pàápàá ẹni tó ń gbèrò láti ra ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ̀rọ ìta kan ṣoṣo rẹ̀ ń sin yàrá mẹ́fà tàbí méje, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní rìmóòtù tirẹ̀. Oníṣòwò kan ní agbègbè Dùgbẹ̀ ló tà á fún mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sì wá so ó mọ́lé ní Akóbọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n tó fi gba owó lọ́wọ́ mi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọgbọ́n náà ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán, ilé kò tutù mọ́. Mo pè é, ó ní, "Mọ́mì, gbogbo AC ló ń mu gáàsì, ẹ jẹ́ kí n rán àwọn ọmọ wá." Wọ́n rọ gáàsì sí i, mo san ₦120,000. Oṣù mẹ́ta kọjá, wọ́n tún wá, mo tún san. Ìgbà kẹta ni ara fu mi. AC kì í mu gáàsì bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń mu epo. Inú páìpù tí a dí pa ni gáàsì náà ti ń yí po, láti ìta wọlé, láti inú ilé padà síta, ọdún sì lè gorí ọdún láìjẹ́ pé ó dín. Bó bá dín, ó ń jò ni, ẹni tó bá sì ń rọ òmíràn sí i láìwá ojú ibi tó ti ń jò, gáàsì tí yóò tú sínú yàrá yín ló ń tà fún yín.

Ti irú ẹ̀rọ yìí burú ju ti AC kékeré lọ. AC oníhọ́ọ̀sì kan kì í sábà gbà tó kílò kan, ṣùgbọ́n tèmi gba kílò 11, nítorí pé páìpù rẹ̀ gùn, yàrá sì pọ̀. Bí páìpù bá bẹ́ nínú yàrá kan, kì í ṣe ìpín yàrá yẹn nìkan ni yóò tú síbẹ̀. Gáàsì gbogbo ilé ni. R-410A, irú gáàsì tí wọ́n kọ sára tèmi, kì í tètè gbiná, kò sì rùn débi tí yóò jí ẹni tó sùn, ṣùgbọ́n ó wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ilẹ̀ ló máa ń bà sí, tí yóò fi lé atẹ́gùn tí à ń mí kúrò, ọmọ tó sùn sórí ẹní ni yóò sì kọ́kọ́ kàn. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìtútù tó wà ní Amẹ́ríkà, ní gíráàmù 420 ni kó pọ̀ jù nínú àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Mo fi téèpù wọn yàrá àwọn ọmọ mi: mítà 3 ní gígùn, 2.5 ní fífẹ̀, 2.8 ní gíga, irú àyè bẹ́ẹ̀ 21. Ìṣirò rẹ̀ kò ju kílò 8.8 lọ, kílò 11 sì ni ẹ̀rọ mi gbà. Kò sẹ́ni tó béèrè bí yàrá náà ṣe tóbi tó kí wọ́n tó gba owó mi.

Ẹlòmíràn tí mo pè ló po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi fọ́ọ̀mù ọṣẹ náà yí nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yàrá àwọn ọmọ ká. A dúró. Ọṣẹ ń wú, ó ń bẹ́, ó tún ń wú, wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja. Ẹnu páìpù bàbà tí nọ́ọ̀tì dì mú ti sán láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ kí nọ́ọ̀tì lè dì í mú.

Ọkùnrin yìí kan náà ló so géèjì mọ́ síliǹdà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ oníṣòwò náà gbàgbé sílẹ̀. R-410A ni wọ́n kọ sí i lára. Nígbà tí ooru ọ̀sán bá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 30, R-410A yẹ kó fi nǹkan bí 260 psi (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti ara síliǹdà) hàn, R-22, irú gáàsì AC mìíràn, sì yẹ kó wà ní nǹkan bí 160. Èyí dúró sí 140, ibi tí propane, ẹbí gáàsì ìdáná, máa ń wà. Ẹ fojú inú wo ohun tó lè gbiná bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síwíìṣì iná. Ẹ má ṣe fi ìṣáná dán an wò o. Àwọn gáàsì AC mìíràn máa ń di májèlé bí iná bá kàn wọ́n.

Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, oníṣòwò náà rán wọn padà wá láti dán páìpù wò, síliǹdà ọ́síjìn tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà ni wọ́n gbé dé. Mo lé wọn jáde. Bí ọ́síjìn bá pàdé òróró inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ó lè bú gbàmù. Náítírójìn ni wọ́n ń lò. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi náítírójìn sínú páìpù di ọjọ́ kejì, kí ẹ̀yin fúnra yín wo géèjì nígbà méjèèjì bóyá kò dín, kí wọ́n sì kọ orúkọ gáàsì àti iye kílò rẹ̀ sórí rìsíìtì. Bí ẹ bá fura pé ó ń jò, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pa iná láti ìdí mítà níta, kì í ṣe láti inú yàrá náà.

Ó kọ̀ láti dá owó mi padà. Mo ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú rẹ̀. Síliǹdà náà ṣì wà lẹ́yìn ilé mi, lábẹ́ ìbòji, níta gbangba. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e wọlé.