Sicilian tàbí Berlin: èwo ni kí dúdú mú nínú ayò chess?

Bí funfun bá fi e4 bẹ̀rẹ̀ (pawn iwájú ọba rìn ilé méjì), Sicilian, ìyẹn kí dúdú fi pawn dáhùn ní c5, ni ti oníjà. Ojú pátákó kì í dọ́gba, kálukú sì lè máa sáré lépa ọba ẹnìkejì. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo tó bá wọ́ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Berlin, ọ̀nà ìgbèjà mìíràn fún dúdú lẹ́yìn e4, tutù ní tiẹ̀ (ó máa ń sú mi díẹ̀, mi ò ní purọ́). Ayaba méjèèjì lè ti kúrò nílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kẹjọ. Òun ni Kramnik fi dí Kasparov, tó di adé ayé chess mú nígbà náà, lọ́wọ́ ní London lọ́dún 2000: ayò 15, Kasparov ò jẹ ẹyọ kan, adé ayé sì bọ́ lórí rẹ̀.

Bí ọ̀mì bá tó mi, Berlin ni. Bí mo bá gbọ́dọ̀ jẹ, Sicilian ni.