Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn fún píkọ́ọ̀pù Toyota: ṣé tuntun, tòkunbọ̀ tàbí aláìlórúkọ ni ká rà?

Láti ilé mi n'Íbàdàn dé Ìkẹjà, lítà 17 ni Toyota Tacoma 2008 mi máa ń mu. Nígbà tó di 23, àwọn tó ń ta epo ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo pààrọ̀ ilé epo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pàbó ló já sí. Kò pẹ́ ni iná check engine tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mẹ́káníìkì sì ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ohun kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀. Mẹ́rin ló wà lára ọkọ̀ náà, mo bá ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú páálí funfun tí kò ní orúkọ. Epo dín kù fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà òùngbẹ ọkọ̀ padà dé. Ìgbà tí mo wá fi mítà iná wọn àwọn ògbólógbòó tí wọ́n tú sílẹ̀ ni mo rí i pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ti kú nínú wọn. Ó dùn mí gan-an. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ńlẹ̀, ta ló ní owó tó fẹ́ fi ṣòfò?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya tiwájú sọ́tọ̀ kúrò lára tẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Ẹ́ńjìnnì V6 4.0 inú Tacoma yìí ní ọ̀nà èéfín méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, sẹ́ńsọ̀ kan ń bẹ ṣáájú kátálístì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́, èkejì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Tiwájú ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bóyá epo ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, kí kọ̀ǹpútà lè mú wọn sún mọ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1. Ní ti tẹ̀yìn, kátálístì ló ń ṣọ́ ní pàtàkì. Tí epo bá ń ṣòfò, tiwájú ni kí ẹ fura sí. Wọ́n jọra bí ìbejì, àmọ́ lára Toyota yìí iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, ẹ kò sì lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ẹni tó ń tà bá ní “ọ̀kan náà ni, alága mi,” ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Skánà ṣáájú sẹ́ńsọ̀

Kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀, ẹ fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, wá àrùn náà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ kékeré ELM327 tí a ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Èkejì ni skánà ọlọ́wọ́ tó ní ojú tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ pe rewáyà kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Owó rewáyà kì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹ ó máa san án léraléra, òmíràn á sì kàn ní “sẹ́ńsọ̀ ni” láì fi nǹkan kan hàn yín. ELM327 ni mo rà, ó sì tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò fẹ́ràn wàhálà orí fóònù ni kó ra ọlọ́wọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kó jẹ́ èyí tó ń fi live data, ìyẹn ìròyìn ojú ẹsẹ̀, hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń ka kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀, nìkan kò ní ràn yín lọ́wọ́ dé ibi tó yẹ.

Torí kóòdù nìkan máa ń ṣini lọ́nà. P0031 ń tọ́ka sí ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ iwájú apá ọ̀tún gbóná: ẹ yẹ wáyà rẹ̀ wò, tí wáyà bá dára, ẹ ra sẹ́ńsọ̀. Àmọ́ P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ti là, tàbí sẹ́ńsọ̀ MAF (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) tó dọ̀tí, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kàn ń jíṣẹ́ fún yín ni. P0420 sì máa ń jáde lára ọkọ̀ tí wọ́n ti gé kátálístì rẹ̀ tà. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tuntun tó máa wo ìyẹn sàn.

Ohun tí mo ń wò jù ni Long Term Fuel Trim, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi epo kún un tàbí tó ń yọ ọ́. Tó bá wà láàárín -10 àti +10 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí wàhálà. Tèmi wà ní +3 lápá òsì, +22 lápá ọ̀tún. Mo tú pulọ́ọ̀gì apá ọ̀tún, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ wò ó: kọ̀ǹpútà ń rọ epo sí i nítorí sẹ́ńsọ̀ ń pariwo pé epo kò tó, bẹ́ẹ̀ epo ti bo pulọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀. Mo ti yẹ sàláǹsà wò, kò jò, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ìta ló ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́.

Ẹ tún fi skánà yẹn wo bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì wa máa ń yọ thermostat, ohun tó ń ṣàkóso bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí, dànù, wọ́n ní ooru ilẹ̀ wa kò fẹ́ ẹ. Irọ́ ni, ó sì ń bí mi nínú. Ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi digíríì 85 kò ní gbóná ju digíríì 60 lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé òwúrọ̀ kùtù ṣì ni, á máa da epo sí i. Ẹ dá thermostat padà kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ó wá ku ọjà fúnra rẹ̀

Tuntun ti Denso ni mo fara mọ́ fún tiwájú, láì sí àní-àní. Ilé iṣẹ́ Denso ló ń ṣe é fún Toyota, ẹnu wáyà rẹ̀ á wọlé láì gé nǹkan kan, èyí tó wà nínú páálí Denso sì máa ń rọjú ju inú páálí Toyota lọ. Ẹ wo nọ́ńbà ara páálí: tiwájú máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234-9, tẹ̀yìn pẹ̀lú 234-4. Àyédèrú pọ̀ níta, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹni tó máa jẹ́ kí ẹ ṣí páálí kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti rà á. Kí nọ́ńbà tó wà lára irin náà bá ti páálí mu.

NTK, tó jẹ́ ti NGK, dára. Bosch náà dára, àwọn ló kọ́kọ́ gbé irú sẹ́ńsọ̀ yìí jáde fún ọkọ̀ ní 1976. Èyí tí n kò fẹ́ ni oríṣi “universal” tí wọ́n ń gé wáyà rẹ̀ so mọ́ ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń gba inú wáyà mí afẹ́fẹ́ ìta láti fi wé èéfín. Tí rewáyà bá fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, ó ti dí i nímú nìyẹn.

Tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Íbàdàn rọjú, mo sì lè rà á fún tẹ̀yìn. Ẹ gbé mítà dání. Kí wáyà tó ń mú un gbóná fi 11 sí 16 ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) hàn fún tẹ̀yìn. Ti tiwájú kì í ju bíi 2 tàbí 3 lọ. Tó bá funfun bí ẹfun lórí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, omi ẹ́ńjìnnì tàbí sílíkóònù ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n mítà kò lè sọ bóyá sẹ́ńsọ̀ ti lọ́ra. Ọjọ́ ayé irú sẹ́ńsọ̀ yìí jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 160,000, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n sì tú u lára rẹ̀ ti sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí n kò fi ní fi tòkunbọ̀ síwájú nìyẹn.

Aláìlórúkọ: mo ti sọ tèmi. Oṣù méjì.

Ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ wọn pé títún sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó bàjẹ́ ṣe lè dín òfò epo kù débi pé ọkọ̀ á fi ìdá 40 nínú 100 rìn jìnnà sí i. Kí ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ìpáànà 22 tú aláìlórúkọ apá ọ̀tún iwájú nígbà tí sàláǹsà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi Denso kan ṣoṣo síbẹ̀, mo sì dá ògbólógbòó mẹ́ta tó kù padà sáyè wọn. Mo pa kóòdù rẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, apá ọ̀tún wà ní +2. Lítà 18 ni mo fi dé Ìkẹjà lọ́sẹ̀ yẹn, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹ́gà.