Dungeons & Dragons, Pathfinder àti Call of Cthulhu: èwo ló yẹ kí atọ́kùn tuntun rà?

Eré orí tábìlì ni àwọn mẹ́ta yìí: ẹni kọ̀ọ̀kan á gba ẹ̀dá ìtàn kan, wọ́n á jọ sọ ìtàn náà, dáìsì á sì pinnu ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Nínú ẹni márùn-ún tó bá fẹ́ ṣe irú eré yìí, mẹ́rin á mú pẹ́ńsù àti ìpápánu wá, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ra ìwé. Ẹni yẹn náà ló máa kà á, òun náà ló sì máa jókòó bí atọ́kùn: òun ni yóò sọ̀tàn, òun ni yóò fọhùn lẹ́nu ọ̀tá, òun ni yóò dájọ́ nígbà tí dáìsì bá dúró. Bí àlọ́ ló ṣe rí, àfi pé àwọn tó ń gbè é ló ń pinnu ibi tí Ìjàpá máa yà sí. Atọ́kùn yìí la kọ ìfiwéra yìí fún. Àwọn mẹ́rin yòókù á gbádùn ohunkóhun tí ẹ bá gbé kalẹ̀.

Òkìkí

Dungeons & Dragons (D&D) ló lórúkọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Wizards of the Coast, tó wà lábẹ́ Hasbro, ló ni ín báyìí. Láti 2015 tí àwọn òṣèré Critical Role ti ń ṣe é ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti mọ bó ṣe ń lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan dáìsì olójú ogún rí. Ohun tí òkìkí yìí ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ ra ìwé ò ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré: ẹ máa rí ẹni bá yín ṣeré. Ẹ dárúkọ D&D ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹnì kan á ní òun ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ dárúkọ Pathfinder ní Ìbàdàn, jíìpù Nissan ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò. Call of Cthulhu, eré ìwádìí àti ìbẹ̀rù tí Chaosium ti ń tà láti 1981, ní ibi tirẹ̀ náà: ní Japan, òun ló gbajúmọ̀ ju D&D lọ.

Ohun tó wà nínú páálí ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ má tíì ra ìwé ńlá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní páálí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ti D&D pọ̀ débi pé ó ń dàrú mọ́ ènìyàn lójú. Starter Set ti 2014 gbé ìtàn tó ń lọ láti ìpele 1 dé 5 (ìpele ló ń sọ bí ẹ̀dá ìtàn ṣe lágbára tó); ti 2022 dúró sí ìpele 3. Nínú méjèèjì, wọ́n ti ṣe ẹ̀dá ìtàn sílẹ̀ fún yín, ìwé òfin inú wọn kò sì kọ́ yín bí ẹ ṣe lè ṣe tiyín. Ọ̀pọ̀ olùrà kì í mọ èyí títí di ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ wọn bá ní òun ò fẹ́ jẹ́ àlùfáà. Essentials Kit ti 2019 ló ní ọ̀nà láti dá ẹ̀dá ìtàn tuntun, ó sì gùn dé ìpele 6. Bí ẹ bá rí i, ẹ mú un ju méjèèjì lọ.

Beginner Box ti Pathfinder jáde ní 2020. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀: ti àwọn eléré, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn kékeré tí ènìyàn lè dá ṣe kó fi kọ́ òfin, àti ti atọ́kùn. Dáìsì wà níbẹ̀, àwòrán páálí tó lé ní ọgọ́rùn-ún fún ẹ̀dá ìtàn àti ọ̀tá, àti àtẹ olójú méjì tí ẹ lè kọ nǹkan sí kí ẹ sì nù ún. Ohun tó ń gba atọ́kùn là jù ni pé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ihò tí wọ́n máa wọ̀ ló ń kọ́ni ní òfin tuntun. Ẹ ò ní láti ka gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó jókòó.

Call of Cthulhu náà ní Starter Set tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn tí ẹ máa dá ṣe, ó tẹ̀ síwájú sí ti ẹni méjì, kó tó wá kan ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni.

Ìṣirò ìjà

Ibí ni sùúrù àti owó ti ń ṣòfò, ibí la sì máa pẹ́ sí. Iṣẹ́ tó le jù fún atọ́kùn kì í ṣe ìtàn sísọ. Ohun tó le ni kí ẹ ti mọ̀ ṣáájú bóyá ìjà tí ẹ fẹ́ gbé síwájú àwọn ènìyàn yín máa jẹ́ eré, ìjà gidi, tàbí òkú. Bí ẹ bá ṣì í, gbogbo ẹgbẹ́ lè kú láàárín ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹnì méjì ò sì ní padà wá mọ́. Ìwé tí ẹ fi owó gidi rà á wá di ohun èlò ìdálẹ̀kùn.

Nínú D&D ti 2014, ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ní ìpele kìíní, 25 ni ìjà tó rọrùn fún eléré kan, 50 èyí tó wọ́n níwọ̀n, 75 èyí tó le, 100 èyí tó lè pani. Ẹ ó ro iye àwọn ọ̀tá pọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó sọ ọ́ di púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó: ọ̀tá mẹ́ta sí mẹ́fà, ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Goblin kan, ìyẹn iwin kékeré tó wọ́pọ̀ láàárín ọ̀tá, jẹ́ 50. Mẹ́rin jẹ́ 200. Ní ìlọ́po méjì, 400. Eléré mẹ́rin ní ìpele kìíní, 400 yẹn gan-an ni ààlà ikú wọn. Ìjà àkọ́kọ́ nínú Starter Set ti 2014 sì nìyẹn: goblin mẹ́rin lúgọ sínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà. Onídán tí òǹkà ẹ̀mí rẹ̀ (iye ọgbẹ́ tó lè gbà kó tó ṣubú) jẹ́ 8, bí ọfà méjì bá bà á, ó ti dùbúlẹ̀ kó tó pe ọfọ̀ kan.

Ìwé tuntun wá gba ibòmíràn. Nínú ìwé atọ́kùn ti 2024, wọ́n yọ ìlọ́po yẹn kúrò. 50, 75 àti 100 ni ìwọ̀n mẹ́ta tó kù fún eléré kan ní ìpele kìíní. Goblin mẹ́rin kan náà di 200, ìwé sì pè é ní ìjà tó rọlẹ̀ jù. Ẹgbẹ́ kan náà, ọ̀tá kan náà: ìwé àná ní ikú ni, ìwé òní ní eré ni. Ẹ̀dá ìtàn ti 2024 lágbára díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ kò lágbára tó ìyẹn.

Ó nídìí tí ìṣirò náà fi ń yẹ̀. Ìwé 2014 gbà pé ẹgbẹ́ máa ja ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó sùn. Ta ló ń jà tó bẹ́ẹ̀? Ìjà kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń jà lóòjọ́ nínú ìtàn wọn, nítorí náà onídán á da gbogbo ọfọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá ọ̀tá tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gbẹ́ á kú kó tó sọ̀rọ̀. Bí D&D bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀tá pọ̀ ju eléré lọ ní ìpele 1 àti 2, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdajì wọn sá nígbà tí ọ̀gá wọn bá ṣubú.

Ti Pathfinder ẹ̀dà kejì, èyí tó jáde ní 2019, ẹ lè kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Fún eléré mẹ́rin, 80 ni ìjà tó wọ́n níwọ̀n, 120 èyí tó le gan-an, 160 èyí tí wọ́n lè kú sí bí wọ́n ṣe lè yè é. Ọ̀tá tí ìpele rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiwọn jẹ́ 40. Èyí tó fi ìpele kan rẹlẹ̀, 30; ìpele méjì, 20. Èyí tó fi ìpele kan ga, 60; ìpele méjì, 80. Bí eléré bá di márùn-ún, ẹ fi 20 kún ìjà tó wọ́n níwọ̀n. Ó parí. Ní ìpele kìíní, ọ̀gá kan tó dọ́gba pẹ̀lú wọn (40) àti Goblin Warrior méjì tí ìpele wọn jẹ́ −1 (20, 20) jẹ́ 80 géérégé. Òǹkà kan náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìpele 15, níbi tí ti D&D ti máa ń di àròsọ.

Kò túmọ̀ sí pé kò ní àléébù. Ìṣirò náà gbà pé òǹkà ẹ̀mí gbogbo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú ọgbẹ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìtàn. Bí dáìsì bá gbè é, dáìsì olójú mẹ́jọ méjì ni wọ́n máa dá padà. Atọ́kùn tó bá ń ti ìjà bọ ìjà láìfún wọn láyè á pa wọ́n, ẹ̀bi ìwé sì kọ́. Bákan náà, ẹ má fi ọ̀tá kan tó fi ìpele mẹ́ta ga síwájú àwọn ọmọ ìpele kìíní, bí òǹkà tilẹ̀ gbà á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ti D&D bọ̀ ni pé ìṣe mẹ́ta ni wọ́n ní nígbà tó bá kàn wọ́n, wọ́n á sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọlu ọ̀tá. Ìkọlù kejì ń jìyà −5 lórí dáìsì, ìkẹta −10. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gé. Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣe tó kù gbé apata sókè (+2 sí ààbò), kí wọ́n kúrò lójú kan, tàbí kí wọ́n fi ìhàlẹ̀ dẹ́rù ba ọ̀tá. Ẹ má fojú kéré +1 níbẹ̀: ẹni tó bá fi 10 kọjá ohun tó nílò, agbára rẹ̀ di ìlọ́po.

Call of Cthulhu ò tilẹ̀ ṣe ìṣirò kankan. Òǹkà ẹ̀mí ọ̀pọ̀ olùwádìí kò ju mọ́kànlá sí mẹ́tàlá lọ, ìbọn ìléwọ́ .38 lè gba mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá jà, òun ló wá a. Wàhálà tirẹ̀ wà níbòmíràn: bí ẹ bá fi àmì pàtàkì inú ìtàn pamọ́ sẹ́yìn dáìsì, ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 nínú 100 yóò pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá, ìtàn á sì kú síbẹ̀. Ẹ fún wọn ní àmì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí dáìsì pinnu ohun tí wọ́n máa san fún un ni.

Owó tó ń bẹ lẹ́yìn páálí

Ìwé ńlá mẹ́ta ni D&D fẹ́ kí ẹ ní, dọ́là 49.99 ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà nígbà tí ẹ̀dà tuntun wọn jáde, láìtíì ka owó ẹrù; ìwé ẹlẹ́yìn líle sì wúwo. Wọn kì í ta PDF wọn: orí D&D Beyond lẹ ti máa ra ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló sì máa gbé. Òfin ọ̀fẹ́ wà o, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní ti Pathfinder, gbogbo òfin rẹ̀, ọ̀tá, ọfọ̀, ohun ìjà, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Archives of Nethys pẹ̀lú àṣẹ Paizo tó ni eré náà. Ìwé òfin Player Core nìkan ló yẹ ní rírà lórí bébà. Call of Cthulhu: Keeper Rulebook kan ti tó, PDF sì máa ń tẹ̀ lé e bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ Chaosium fúnra wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí ẹlòmíràn ti lò. Pathfinder ti 2009 àti ti 2019 kò bá ara wọn ṣe rárá. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ti 2019 ṣì ṣe é lò pẹ̀lú Player Core ti 2023. Fún D&D, ẹ béèrè ọdún kí ẹ tó sanwó. Call of Cthulhu ti àtijọ́ ò ṣòfò: ẹ fi 5 sọ àwọn òǹkà ara ẹ̀dá ìtàn di púpọ̀, wọ́n á bá ẹ̀dà keje mu.

Ìdájọ́

Bí ẹgbẹ́ yín bá ti ń ṣe D&D, tàbí àlejò lẹ ó máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ra D&D; ẹ má bá ọjà jà. Bí ẹni méjì péré ni yín, tí ẹ sì fẹ́ràn ìbẹ̀rù ju ìjà lọ, Call of Cthulhu. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni atọ́kùn, tí ọwọ́ iṣẹ́ yín dí, tí ẹ ò sì lè máa fi àbámẹ́ta mẹ́rin tún ìṣirò elòmíràn ṣe, Beginner Box ti Pathfinder wà níbẹ̀.

Nígbà tó bá dé, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé àwọn ẹ̀dá ìtàn kí ẹnikẹ́ni tó fi pẹ́ńsù kàn án. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì fi máákà tí kì í parẹ́ kọ nǹkan sórí àtẹ, ẹ mú máákà bọ́ọ̀dù funfun, ẹ fi kùn ún lórí, kí ẹ sì fi àkísà nù ún kíá kó tó gbẹ.