Catan tàbí Carcassonne: èwo ni kí o kọ́kọ́ rà?

Jámánì ni eré orí tábìlì méjèèjì ti wá, Catan lọ́dún 1995, Carcassonne lọ́dún 2000. Catan ń fẹ́ èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin; ẹni méjì péré ti tó fún Carcassonne, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré díẹ̀.

Ẹnu ni adùn Catan wà, níbi tí ẹ ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ ohun èlò: “Fún mi ní àgùntàn kan, kí n fún ẹ ní bíríkì.” Ṣùgbọ́n dáìsì ló ń pín ohun èlò; bó bá kọ̀ ọ́, wàá kàn máa wo àwọn ẹlòmíì ni, ó sì máa ń dùn mí bí àlejò bá bá a pàdé nígbà àkọ́kọ́. Ní ti Carcassonne, o fa páálí kan nínú 72, o tẹ́ ẹ síbi tó bá a mu; ọwọ́ kì í dilẹ̀. Ìṣirò oko, ìyẹn máàkì tí a ń kà fún pápá ní òpin eré, nìkan ló máa ń rú ọmọdé lójú. Mo máa ń yọ ọ́ kúrò fún wọn.

Bí ilé bá kún, tí ẹ fẹ́ràn ìdúnàádúrà, Catan ni. Bó bá jẹ́ ìwọ àti ẹnì kejì rẹ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Carcassonne.