Páálí Tí Wọn Ò Tíì Ṣí àbí Káàdì Kan Ṣoṣo?

Láàárín àwa tá a ń kó káàdì eléré ìdárayá jọ ní Àkúrẹ́, àríyànjiyàn yìí kì í tán: ṣé páálí tí wọ́n kó káàdì sí, tẹ́nikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ló yẹ kéèyàn rà ni, àbí káàdì kan ṣoṣo tó fojú ara ẹ̀ rí?

Páálí dùn-ún ṣí, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ni. Ẹ ya ọ̀rá rẹ̀, ẹ bá káàdì eléré tẹ́nikẹ́ni ò wá, owó ti wọgbó. Owó tí wọ́n fi gbé e láti Amẹ́ríkà dé Alágbàká ń bẹ lọ́tọ̀ o.

Tó bá jẹ́ káàdì kan lẹ fẹ́ rà, ẹ lè kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ta irú rẹ̀ láìpẹ́. Ipò tó wà ló ń sọ iye rẹ̀: igun tó ká, ojú tó họ, àwòrán tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Káàdì Mickey Mantle kan, agbábọ́ọ̀lù baseball ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí iléeṣẹ́ Topps tó ń ṣe káàdì tẹ̀ lọ́dún 1952, tẹ́nì kan rà ní 50,000 dọ́là lọ́dún 1991, pa mílíọ̀nù 12.6 dọ́là lọ́dún 2022. Máàkì 9.5 nínú 10 ni àwọn tó ń yẹ ipò káàdì wò fún un. Èyí tó ti gbó lára irú rẹ̀ ò lè súnmọ́ iye yẹn láéláé.

Ní tèmi, káàdì kan ni màá rà, màá sì ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹ̀yìn káàdì náà ránṣẹ́ kí n tó sanwó.