Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ra Íápíìsì Olówó Gọbọi

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá Shure SE846 tàbí Sennheiser IE 900 rà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò kan tí ó ń ta méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ń pè wọ́n ní ọjà tí wọ́n kàn ṣí páálí rẹ̀ wò, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò. Ayédèrú ni ó ń fi ránṣẹ́. Ojúlówó ni ó wà nínú fídíò tí ó fi ń polówó, níbi tí ó ti ń fi ohùn méjèèjì wéra tí ó sì ń sọ èyí tí ó tu etí lára jù, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó mọ ọjà náà dunjú pàápàá fi ń kó sí i lọ́wọ́.

Bí olùrà bá fi ẹjọ́ sùn ún pé òun kò gbọ́ báàsì, èsì rẹ̀ ni pé rọ́bà rẹ̀ kò bá ihò etí mu, àti pé kí olùrà fún íápíìsì náà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó jáde dáadáa. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun gan-an ni ó sì léwu. Íápíìsì tí a ń kì bọ etí kò lè fún wa ní báàsì tí ó péye bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà rẹ̀, ojúlówó náà kò sì yọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ìka tì í wọlé díẹ̀, jẹ́jẹ́, nígbà tí orin ń lọ. Bí báàsì bá dé, rọ́bà ni kí ẹ pààrọ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, tàbí tí ohùn olórin tí ó yẹ kí ó dúró láàárín bá ń fì sí apá kan, irọ́ ni ó ń pa fún yín. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó ń tọrọ yẹn, kí àsìkò tí ẹ lè fi gba owó yín padà lè kọjá ni.

Mo ti gbé méjèèjì tí ẹnìkan rà lọ́wọ́ rẹ̀ sí etí, ọ̀kan náà ni ohùn wọn. Èyí nìkan ti tó ẹ̀rí, nítorí pé ojúlówó wọn kò jọra rárá. SE846, tí ó jáde ní 2013, ní dráífà kékeré 4, ìyẹn ẹ̀yà inú rẹ̀ tí ó ń mú ohùn jáde, nínú etí kọ̀ọ̀kan. Báàsì rẹ̀ jinlẹ̀, ohùn olórin sì máa ń wá síwájú. IE 900, tí ó jáde ní 2021, dráífà 1 péré ni ó ní, tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 7, ohùn rẹ̀ sì máa ń tàn lókè ju ti èkejì lọ, ìyẹn ni pé ohùn tín-ín-rín inú orin máa ń hàn kedere. Ní ti ìtura, ara alumíníọ̀mù IE 900 kéré, ó sì máa ń jókòó sínú etí láìni í lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọ́ etí kì í bá gbogbo ènìyàn lára mu. SE846 tóbi jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ tí a ń fi rọ́bà bọ̀ gùn, ó sì máa ń wọlé jinlẹ̀. Ẹni tí ihò etí rẹ̀ kéré lè má fara dà á pẹ́, èyí kò sì sọ ọ́ di ayédèrú.

Ẹnu yìí gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ti ojúlówó ṣeé tú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kékeré tí ó bá a wá, kí a lè pààrọ̀ ohun kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ tí ó ń yí ohùn padà: aláwọ̀ búlúù fún ohùn tí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, funfun fún èyí tí ó tàn, dúdú fún èyí tí báàsì rẹ̀ hàn jù. Lára èyí tí mo yẹ̀ wò, kọ́kọ́rọ́ wà nínú páálí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹnu náà pa, gọ́ọ̀mù náà sì ti gbẹ yí i ká.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó kì í bọ etí rárá, kí ẹ sì ya fídíò rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti ń ṣí páálí, nítorí pé oníṣòwò náà kì í gba ọjà padà tí ó bá ti wọ etí. Ìmọ́tótó ni ó máa ń fi kẹ́wọ́.